Lẹ́tà Dídán tí Bọ́lájí Rà

Ogójì ọdún ni Bàbá Mọ̀núrù fi to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Lafiaji, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ mọ lẹ́tà ju bí ojú tèmi ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì la máa ń ta ayò lẹ́tà lójúde ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Kálukú á kó lẹ́tà mọ́kànlélógún, á máa sáré tò wọ́n sí ọ̀rọ̀ níwájú ara rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ké pé “Ó tán” ló ni àga onítìmùtìmù. Ọdún mẹ́jọ gbáko, Bàbá ò dìde lórí àga yẹn. Bó bá sì nà ọ́ tán, á tún bú ọ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, mo sìn ín wọlé, ó sọ fún mi pé ojú òun ti fọ́. Ìka ló fi ń ka lẹ́tà, torí gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ tiwa.

Ó ní, “Àyìndé, má sọ fún ẹnì kankan o. Bí Taslimah ọmọ mi bá gbọ́, Ìkòròdú ló máa kó mi lọ. Mi ò ní pẹ́ kú níbẹ̀.”

Mo búra fún un. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí ní olódo níṣojú ìyàwó mi. Inú bí mi burúkú. Mo lọ bá Bọ́lájí, ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń ta ayò, ní Marina níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo tú àṣírí náà fún un.

Bọ́lájí ra lẹ́tà tuntun tí wọn ò gbẹ́, tó dán bí inú àwo, ó sì ránṣẹ́ pe Taslimah. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ fi wọ́n ta ayò, obìnrin náà dúró sẹ́yìn wa, Bàbá ò mọ̀.

Bàbá fọwọ́ kan lẹ́tà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó lè ní ara òun ò yá. Ìgbéraga ò jẹ́. Ó tò wọ́n, ó ké pé “Ó tán.” Òmíràn dojú bolẹ̀, òmíràn dorí kodò. Bọ́lájí ní kó kà á fún wa.

Bàbá kọjú sọ́dọ̀ mi. “Àyìndé, bá mi kà á.”

“Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, Bàbá.”

Taslimah bú sẹ́kún, ó fà á lọ́wọ́ dìde. Àánú Bàbá ṣe mí, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọlé tán, mo ti jókòó sórí àga náà.