Ta Ló Ní Kí Wọ́n Fi Rọ́bà Pa Ìyá Pẹ́ńsùlù Rẹ́?

Ìyá Pẹ́ńsùlù ti kú. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sin ín, yunifásítì sì gbé òdòdó wá, òdòdó ràgàjì tí ọkùnrin méjì ń gbé. Ọ̀gá àgbà yunifásítì dìde níbi ìsìnkú, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó ní àwọn ìwé tí màmá fún àwọn yóò máa sọ̀rọ̀ títí ayé. Gbogbo èèyàn mi orí. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Láti ìgbà tí mo ti rí ohun tí wọ́n fi àwọn ìwé náà ṣe ni mi ò ti lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń dìde, mo ń jókòó, ìyàwó mi ní kí n yáa jáde síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, tíṣà lítíréṣọ̀ ni. Pẹ́ńsùlù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, ibẹ̀ la ti rí orúkọ tí a sọ ọ́. Kì í kàwé kó má kọ nǹkan sí i. Tí akéwì bá parọ́, á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ewì pé, "Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dùn." Tí ewì bá pa á lẹ́kún, á kọ ibi tó jókòó sí nígbà tó sunkún. Mo rí ìtàn ìfẹ́ kan tó kọ sí létí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí i pé ó fẹ́ràn rẹ ni?" bí ẹni tó ń bá àbúrò rẹ̀ jà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń du àwọn ìwé rẹ̀ yá. A lè rí ewì níbòmíràn, ṣùgbọ́n ohun tó wà létí ewì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló wà. Ibẹ̀ la ti kọ́ ìwé kíkà.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, yunifásítì bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní ìwé rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún wọn: ìtàn, eré oníṣe, ewì lóríṣiríṣi, títí ògiri ilé rẹ̀ fi ṣófo. Nǹkan kan ló tọrọ, pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kàwé, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ awakọ̀. Wọ́n ní ó ti parí. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀, wọ́n kan orúkọ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Wọ́n wá tì í pa, torí wọ́n ń dúró de èèyàn ńlá tó máa wá gé ríbọ́ọ̀nù. Èèyàn ńlá ò ráyè. Ọ̀gá àgbà kan lọ, òmíràn dé, òun náà ń wá èèyàn ńlá tirẹ̀. Ẹ gbà mí, ìgbà wo ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de sísọ́ọ̀sì kó tó di kíkà?

Màmá wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, aránṣọ ni. Ó pè é, ó ní, "Lọ bá mi gba ìwé ewì eléèpo eérú yẹn wá. Òun ni mo ń kà ní ọsibítù lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Mo kọ nǹkan nípa rẹ sí etí ewì kan níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o kà á sí mi létí."

"Màámi, ẹ kúkú sọ ọ́ fún mi báyìí."

"Tí mo bá rántí ni mi ò bá sọ. Kí n má baà gbàgbé ni mo ṣe kọ ọ́."

Aránṣọ gba yunifásítì lọ, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní yàrá ò tíì ṣí. Ó padà lọ, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tún lọ, ó sunkún sí wọn lọ́rùn, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà sì ní, "Àǹtí, ẹ ní sùúrù. Tí a bá ti ṣí i báyìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọlé." Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó ní sùúrù. Ó ní in. Ìyá rẹ̀ kò ní in tó bẹ́ẹ̀, ó kú.

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá àgbà sọ níwájú èrò pé ìgbàkúùgbà tí ọmọ olóògbé bá fẹ́ ni kó wá. Èmi àti aránṣọ kò jẹ́ kó tutù. Ọjọ́ Ajé a ti débẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó yàrá náà kí wa dáadáa, "Ẹ kú aráfẹ́rakù o, Ọlọ́run á tù yín nínú." Yàrá mọ́ tónítóní. A sọ ìwé tí a bá wá fún un. Ó na ọwọ́, ó mú ìwé eléèpo eérú wá láìwá a rárá. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ó mọṣẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ ṣí ìwé. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Etí gbogbo ewì funfun báláú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tí màámi kọ ńkọ́?"

"A ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́." Inú obìnrin náà ń dùn. "Ẹ ò bá rí wọn nígbà tí wọ́n kó wọn dé, ìkọkúkọ ló kún inú wọn. Òfin wa ni pé ìwé tí wọ́n bá kọ nǹkan sí kì í gun pẹpẹ. A gba àwọn tó ń fi rọ́bà pa á, ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìwé tó fi báírò kọ nǹkan sí ni kò ṣeé pa, a máa kó ìyẹn dànù."

Mo mọ òfin yẹn. Nítorí àwọn ìpátá tó ń ya irùngbọ̀n sí àwòrán inú ìwé ni wọ́n ṣe ṣe é, òfin gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó ní ọ́fíìsì tó wo ìwé Ìyá Pẹ́ńsùlù, tó rí ìdọ̀tí? Ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n ṣí, wọn ò ráyè ṣí i. Rọ́bà ni wọ́n ráyè fún. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Aránṣọ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú ìwé lọ sójú fèrèsé, ó dà á dẹ̀gbẹ́ sí ìmọ́lẹ̀, bó ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n tú ojú rírán rẹ̀ láti mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ. "Ó wà níbí, bùrọ̀dá. Ọwọ́ màámi máa ń wúwo tí wọ́n bá ń kọ̀wé." Ó kà á díẹ̀díẹ̀: "Ó ti dé. Ohùn rẹ̀ ju..." Ó yí ìwé sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ìyókù ti bá rọ́bà lọ. Obìnrin tó mú ìwé wá fìdí kalẹ̀ lórí àga. "Wọn ò sọ fún wa," ló ń wí, "wọn ò sọ nǹkan kan fún wa." Páálí ìwé tí wọn ò tíì pa wà lẹ́yìn rẹ̀ títí kan fèrèsé, rọ́bà sì wà lórí èyí tó wà lókè.

Ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin lẹ ní àwọn ìwé náà yóò máa sọ̀rọ̀ títí ayé. Ta ló pàṣẹ kí wọ́n pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Ẹ má yan ìgbìmọ̀ kankan fún mi, orúkọ ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ gba rọ́bà lọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn lónìí. Ìwé tó ní báírò nínú, ẹ gbé e sórí pẹpẹ, tí kò bá sì wù yín, ẹ gbé e fún ọmọ ẹni tó ni ín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ wọlé, kí ẹnikẹ́ni má gé ríbọ́ọ̀nù.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé eléèpo eérú dání, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ẹ jókòó tì í, ẹ wò ó lójú, kí ẹ parí gbólóhùn yẹn fún un. Ó ti dé. Ohùn rẹ̀ ju kí ni?