Ọwọ́ Tí Comfort Fọ̀ Ní Àárọ̀ Ìdánwò Ìṣirò

Bí ẹ bá dé Topo tí ẹ béèrè Comfort, wọn yóò bi yín pé Comfort wo, nítorí orúkọ yẹn pọ̀ ní erékùṣù náà. Ẹ ṣáà ní Comfort oníṣirò, ẹnikẹ́ni ni yóò nawọ́ sí ilé náà fún yín. Orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ ìyìn o. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja ló fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́, nítorí pé nígbà tí àwọn yòókù bá ń tàkúrọ̀sọ nídìí ààrò, Comfort á mú èédú, á máa fi kọ nọ́ńbà sára pákó, á máa wá x kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún! Wọ́n á ní, "Comfort, ṣé o ti rí i?" Á ní ó kù díẹ̀.

Ikú bàbá rẹ̀ ló mú un kúrò nílé ìwé. Ìyá rẹ̀ nìkan kò lè gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, kó pa á, kó yan án, kó tún gbé e sọdá ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì. Comfort gbé ìwé sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ́sàn-án lọ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀gbẹ́ni Tàjùdíìnì, láàárín àwọn ọmọ tí ń pè é ní Màmá. Ó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ó kùnà. Ó tún un ṣe, ó tún kùnà. Nígbà tí Ọlọ́run wá bá a ṣe é, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ gbà á pé kó wá kọ́ṣẹ́ tíṣà ìṣirò fún ọdún mẹ́ta. Ó sunkún lọ́jọ́ náà débi pé àwọn tó ń pè é ní oníṣirò bá a sun ún.

Ìyá ni ìṣòro tó kù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá wọn, apá, ẹsẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ojú òsì rẹ̀ ti kú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e dìde, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, ìyá sì ti búra pé kò sí ẹni tí yóò gbé òun kúrò ní Topo àfi nínú pósí. Favour, àbúrò Comfort, ló ní òun á dúró. Favour ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Rewájú ọkọ rẹ̀ ń ṣe mẹkáníìkì ní Kútọnu, ó sì ń retí pé kí ìyàwó òun wá bá òun. Wọ́n jókòó, wọ́n jọ sọ ọ́. Rewájú gbà pé kí Favour dúró ti ìyá fún ọdún mẹ́ta tí Comfort yóò fi kàwé, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé bó bá lé sí i, kí Favour má wulẹ̀ wá mọ́. Ẹ má bú u. Òun náà ń fẹ́ ọmọ, ẹnu àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì dákẹ́.

Àṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní òfin tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìṣirò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kan lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ kíláàsì tí wọn yóò fi í sí. Ẹni tó bá ṣe dáadáa á bọ́ sí ọdún kìn-ín-ní tààrà. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa, tàbí tí kò rí i ṣe rárá, kíláàsì ìpalẹ̀mọ́ ni wọn yóò jù ú sí, ọdún kan gbáko kó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́ta rẹ̀. Kò sí àtúnṣe. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé lè ráhùn kí wọ́n sì gbàgbé. Ní ti Comfort, ọdún kan yẹn ni yóò tú ilé àbúrò rẹ̀ ká.

Nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kò fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja, ẹ̀gún òbòkún àti ooru ààrò ti fá ìlà orí ìka rẹ̀ dànù. Ọ̀dọ́kùnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó wà nídìí ẹ̀rọ náà, Démọ́lá, tẹ ìka rẹ̀ títí kí àtàǹpàkò ọ̀tún tó mú.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín yìí sílẹ̀ ná títí dọjọ́ ìdánwò. Àtàǹpàkò yìí ló máa ṣí kọ̀ǹpútà fún yín. Bí ò bá ṣí, kò sí nǹkan témi lè ṣe sí i o."

Comfort gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ẹja mọ́. Favour ló ń pa á, Favour ló ń yan án, Favour náà ló ń tọ́jú ìyá. Láràárọ̀ ni yóò fa ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sójú oòrùn, yóò wo àtàǹpàkò yẹn bí ẹni ń wo ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. "Ó ń hù, Àǹtí mi," yóò wí. "Ìlà ti ń hù."

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ yẹn tí Comfort kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í yọ áńkáṣíìfù, ó fi bo imú, ó sì rọra sún lọ sórí àga mìíràn. Kò sọ̀rọ̀. Ì bá sàn kó bú u. Òórùn ẹja ni, Comfort mọ̀. Ó ti wọ inú irun, ó ti wọ inú aṣọ, ó ti wọ awọ ara. Gbogbo ọ̀nà títí dé ilé, ńṣe ló ń ká ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja etí ọ̀sà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí wọ́n bá ń lọ síbi ìgbéyàwó tàbí bí wọ́n bá fẹ́ lọ gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á bu yanrìn etí omi sọ́wọ́, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á fi ha ọwọ́ wọn títí òórùn ẹja yóò fi wábi gbà. Comfort ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ní àárọ̀ ìdánwò, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó bu yanrìn, ó fún ọsàn sí i, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ha ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún ha á. Fọ́múlà ló ń kà sẹ́nu. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ x, ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin aláńkáṣíìfù yẹn. Nígbà tó ṣe tán, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, ó ń ta á, ó sì ń ta sánsán bí ọsàn. Inú rẹ̀ dùn. Áà, Comfort! Ta ló ní kó ṣe é? Ẹnikẹ́ni kọ́, ìtìjú ni.

Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, ó gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ. Iná pupa tàn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mà," ni Démọ́lá wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Pupa. Ó nù ún mọ́ aṣọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pupa náà ni. Démọ́lá gba ọwọ́ náà, ó yí i sókè, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Kí lẹ fi ọwọ́ yìí ṣe?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni."

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́."

"Yanrìn? Yanrìn tí wọ́n fi ń mọlé?" Ó wo àwọn tó tò sẹ́yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ lẹ ti fá. Kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná."

Comfort ká àtàǹpàkò náà sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń tẹ ìka, iná ń tàn ní àwọ̀ ewé, wọ́n ń wọlé. Ó mí sí àtàǹpàkò, ó fi itọ́ pa á, ó tọrọ ìpara lọ́wọ́ ọmọ kan, ó fi pa á. Ó lọ tẹ̀ ẹ́, pupa. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ìró bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà láti inú lọ́hùn-ún. Ló bá kúnlẹ̀ síwájú Démọ́lá.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà lẹ jẹ́." Ojú ń ti ọ̀dọ́kùnrin náà. "Ẹ̀rọ ni, mà. Kì í ṣe èmi."

"Ẹ ti mọ̀ mí! Ẹ̀yin lẹ forúkọ mi sílẹ̀. Ẹ wo ojú mi!"

"Mo mọ̀ yín. Ẹ̀rọ ni ò mọ̀ yín."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Comfort fi igbe ta, igbe tí wọ́n ń ké ní Topo bí ọkọ̀ bá dànù. Igbe náà ló mú Dókítà Oyèrónkẹ́ jáde, obìnrin Èkìtì kan tí ojú rẹ̀ le, òun ló ni ìdánwò náà. Ó gbọ́ ẹjọ́ tán, ó wo ọwọ́ Comfort pẹ́, kò sì béèrè pé kí ló dé tí ó fi fi yanrìn ha ọwọ́. Ó wọlé, ó mú ìbéèrè jáde lórí ìwé, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un.

"Ẹ jókòó, kí ẹ ṣe é níbí. N ò tíì mọ ohun tí mo máa fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é."

Comfort mú bírò, ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́. Gbogbo ìbéèrè náà ló mọ̀. Ìdá, ìpín ọgọ́rùn-ún, x àti y, gbogbo ohun tó ti fi èédú kọ sára pákó nídìí ààrò ló tò sójú ìwé náà. Ó gbàgbé ìka, ó gbàgbé ilé. Mo rò pé àsìkò yẹn nìkan ni inú rẹ̀ fi dùn lódindi ọjọ́ náà.

Dókítà Oyèrónkẹ́ máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lórí ìdúró. Ó kà á tán, ó tún ṣí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ yege," ó wí. "Ẹ yege dáadáa. Díẹ̀ nínú àwọn tó wà nínú yàrá yẹn ló máa ṣe tó yín."

"Ẹ ṣé o, mà! Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀."

Dókítà ká ìwé náà. Ó wọ ọ́fíìsì, ó pe àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà lórí fóònù. Comfort gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ròkè, tó sì tún wálẹ̀. Nígbà tó jáde, ó jókòó ti Comfort lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀rọ náà kì í gba máàkì tí kò bá ní ìtẹ̀ka. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní bí àwọn bá ṣe é fẹ́nìkan, àwọn tó ń rán ẹlòmíràn wá ṣèdánwò fún wọn á gba ibẹ̀ wọlé. Awọ á tún hù, ẹ ní sùúrù."

"Ìgbà wo ló máa hù?"

"Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ti ìwé orúkọ kíláàsì?"

"Ìrọ̀lẹ́ òní." Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́ jù. Kíláàsì ìpalẹ̀mọ́ ò burú. Ọdún kan péré ni."

Comfort rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ba Dókítà lẹ́rù, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń padà sí Topo, ó jókòó síwájú, ó ń tún ọ̀rọ̀ tò. Favour, wọn ò gbà mí. Rárá. Favour, máa lọ bá ọkọ rẹ, èmi á dúró ti ìyá. Èyí ló yẹ kó sọ, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tó lò nídìí ààrò ti tó fún un láti mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa dúró de òun níbi kankan. Bí òun bá fi ẹsẹ̀ òun jáde nínú ìwé yìí, ó parí nìyẹn, x di ti ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ó pinnu pé òun á sọ òótọ́. Ó pinnu rẹ̀ títí ọkọ̀ fi kan èbúté.

Favour wà nídìí ààrò, ìpẹ́ ẹja bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Bó ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Àǹtí mi! Ó ṣí? Ìka yẹn ṣí i?"

Comfort la ẹnu. Ó rí i tí àbúrò rẹ̀ ti rù. Ó rí ìyá lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, tó yí ojú sọ́dọ̀ òun, tó ń retí.

"Mo yege," ó wí.

Kò purọ́. Ẹnu Dókítà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Favour pariwo, ó fò mọ́ ọn tòun ti ìpẹ́ ẹja, ó sì sáré lọ bá ìyá. "Màwú ṣeun! Ọlọ́run ṣeun!" ni ìyá ń wí láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí Comfort tó rí ibi jókòó sí, Favour ti nu ọwọ́ mọ́ yẹ̀rì, ó ti pe Kútọnu.

"Ó yege o, ọkọ mi! Tààrà ni! Ọdún mẹ́ta náà péré ni, mo sọ fún ẹ! ... Ẹn? Ó dá mi lójú mọ̀nà. Ó yá, gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀."

Ó na fóònù sí i. Ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Comfort gbà á, ó gbé e sétí.

"Àǹtí, ẹ kú oríire o," ni Rewájú wí. "Ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni. Ọdún mẹ́ta náà ni, àbí? Kò ní lé?"

Favour ń wò ó lẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ ni, àna mi," ni Comfort wí. "Kò ní lé."