Ọjọ́ tí Àpótí Bàbá Mi Ṣáájú Wọn Wálé

Òórùn àdín ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọyẹ́. Bàbá mi á ti kírun Àsùbáà tán, wọ́n á jókòó ti ògiri àgbàlá wa ní àdúgbò Asafo, wọ́n á máa fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú àdín nu ayùn wọn, kí ìpẹtà má baà mú un.

Káfíńtà ni wọ́n. Láti Ìlọrin ni wọ́n ti wá sí Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, ibẹ̀ sì ni ìyá mi bí èmi àti àbúrò mi obìnrin sí. Igi ìrókò ni wọ́n fi kan àpótí irinṣẹ́ wọn. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀: ayùn lára ìdérí, òòlù nísàlẹ̀, àwọn irin olójú mímú tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi nínú ihò tóóró tóóró, kí ojú wọn má baà kan ara wọn. Kwaku, ọmọ Àṣáńtì tí wọ́n jọ ń kan òrùlé, inú àpò kòkó ló máa ń da tirẹ̀ sí, á so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, a ó sì ti máa gbọ́ ariwo irin kó tó yọ sí wa. Bàbá mi a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ṣé irinṣẹ́ lò ń gbé ni, àbí iṣu?" Àwọn fúnra wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé àpótí wọn. Orí ara wọn ni wọ́n fi ń rù ú.

Ìdí nìyẹn tí àyà ìyá mi fi já lọ́sàn-án ọjọ́ tí Kwaku ru àpótí náà wọlé. Twi, èdè àwọn Àṣáńtì, ni wọ́n fi bi í:

"Kwaku, ẹni tó ni ín dà?"

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Maame, due, due," ló ń wí, bí àwọn Àṣáńtì ṣe ń bá ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí kẹ́dùn. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kwaku wá sọ ìyókù: pákó tí bàbá mi dúró lé níbi iṣẹ́ ní Bantama ló dá. Wọn ò kú, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún wọn ti rún.

Àwọn dókítà gé e níbi ìgbọ̀nwọ́.

Nígbà tí bàbá mi padà wálé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn irin náà. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ ayùn mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì nù ún. Nígbà mìíràn ayùn á yọ̀ bọ́, á balẹ̀ tariwotariwo, gbogbo wa á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn àwẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn káfíńtà àdúgbò, wọ́n sì ń pín irinṣẹ́ fún wọn.

"Bàbá Sàfúrá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀," ni ìyá mi ń bẹ̀ wọ́n.

"Fún ta ni? Ṣé ọkùnrin wà nínú àwọn ọmọ mi ni?"

Mo bọ́ síwájú. "Bàbá, èmi mọ àyè gbogbo wọn. Ẹ kọ́ mi."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì kàn mí lórí, wọ́n sì gbé ayùn fún Kwaku. Ẹnì kan ti òòlù bọ ìgbànú, ẹlòmíràn kó irin sínú fìlà rẹ̀. Kwaku ò da ti ẹ̀ sínú àpò. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé ayùn náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń sunkún lọ.

Bàbá mi ò fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan mọ́. Wọ́n á kàn jókòó ti ògiri. Wọ́n kú kí n tó jáde ilé ìwé.

Mo ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe wà nígbà náà lọ báyìí. Sàfúrá kékeré tí mo jẹ́ lọ́jọ́ ọjọ́un gbà pé torí òun jẹ́ obìnrin ni wọ́n ṣe kọ òun. Èmi àgbà mọ̀ pé wọn ò lè fara da rírí irin wọ̀nyẹn mọ́ ni, pé ká ní ọkùnrin ni mí, bóyá wọn ì bá ṣì kó o fún ẹlòmíràn. Ìgbà gbogbo ni mò ń sọ ọ́ fún ọmọ yẹn. Kì í gbà mí gbọ́.