Eyín Panji

"Bu Tukinem, kí ló dé tí ẹ kì í bínú sí Panji?"

Ohùn Lintang kò ju ti ẹ̀fọn lọ nígbà tó bi olùkọ́ rẹ̀, tí gbogbo ọmọ ń pè ní Bu, ìyẹn Ìyá, ní ìbéèrè yìí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ojú ibi tí Panji ti bù ú jẹ sì ṣì pọ́n lápá rẹ̀. Bu Tukinem fi òróró àgbọn pa á, ó rẹ́rìn-ín. "Jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ, ọmọ mi."

Gbogbo abúlé ló ń bínú sí Panji nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó sì ti bu ọmọ mẹ́fà jẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ìyá pàdé, wọ́n sì pinnu: bó bá tún bu ẹnikẹ́ni jẹ kó tó di Sátidé, kó má padà wá mọ́.

"Ṣé ọmọ rèé àbí ọ̀ọ̀nì?" ni ìyá Lintang wí.

"Ọ̀ọ̀nì kì í bẹ̀bẹ̀, Ìyá Lintang. Èyí máa ń sunkún ju ẹni tó bù jẹ lọ," ni Bu Tukinem fèsì.

Bu Tukinem ní ìwé kékeré kan nínú àpò. Kò kọ ẹ̀sùn sínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú eyín ló ń kọ. Lọ́jọ́rú, ó ka ìwé náà. Panji kì í bu èèyàn jẹ nídìí amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣeré, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lórí jangirọ́fà. Ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń bọ olùkọ́ lọ́wọ́, àti ìdí oúnjẹ ni wàhálà ti ń bẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Panji na ọwọ́ òsì sí i. Mbah Karsi, ìyá àgbà rẹ̀, gbá ọwọ́ náà pàì.

"Ọwọ́ tó dáa dà? Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

Panji la ẹnu. Bu Tukinem tètè gbé e sókè kí eyín tó kan ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Lintang.

"Kí lo ṣe fún un lọ́jọ́sí, kó tó bù ọ́ jẹ?"

Lintang wolẹ̀. "Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú ni, Bu. Kó lè fi ọ̀tún gba àkàrà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bu Tukinem pàtẹ́wọ́. "Láti òní lọ, ọwọ́ méjèèjì la ó máa fi gba nǹkan, bí a ti ń ṣe fún àgbà."

Mbah Karsi mi orí pé òun gbà. "Ìyẹn tilẹ̀ tún níyì jù."

Panji na ọwọ́ méjèèjì, ó gba pákí díndín rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Pákí nìkan ló bù jẹ lọ́jọ́ náà. Sátidé dé, ó kọjá. Ìyá Lintang ní ọ̀ọ̀nì ti di ewúrẹ́, ó sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá kan lé Panji lọ́wọ́.

Lintang ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ kí Bu Tukinem, tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bá a níbi tó ti ń bó máńgòrò, ó sì tún béèrè ìbéèrè àtijọ́ náà.

Bu Tukinem gbé ọ̀bẹ sókè. Ọwọ́ òsì ló fi dì í mú.

"Mo bu ìyá àgbà mi jẹ títí mo fi pé ọmọ ọdún méje," ó ní. "Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé."