Ogójì Ọmọ Ọ̀pẹ

Ìbídùn kì í bá èèyàn jà, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn. Opó ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dáko lórí ilẹ̀ mi lójú ọ̀nà Ìgbàrà-Odò. Lọ́dọọdún, á ru iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá bá mi nílé ní Ìkẹ́rẹ́, á kúnlẹ̀, á kí mi.

Àdéhùn wa kò le: kó gbin iṣu, kó gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀, lọ́la ọmọ rẹ̀ á ní bàbá òun ló ni ín. Bí bàbá tèmi ṣe pàdánù ilẹ̀ nìyẹn, nítorí igi obì mẹ́fà péré tí àlejò kan gbìn.

Lọ́dún kejì tí wọ́n fún wa ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àwọn òṣìṣẹ́ àgíríìkì ń wọ oko kiri. Ọ̀kan nínú wọn, Gabriel, rí bí oko Ìbídùn ṣe mọ́ tónítóní, ló bá fún un ní ogójì ọmọ ọ̀pẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá padà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọn ò tíì wọlẹ̀, ẹlòmíràn lòun máa kó wọn fún.

Ìbídùn sáré wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìn wọ́n."

"Ọ̀pẹ kẹ̀? Lórí ilẹ̀ mi? O fẹ́ jogún mi lójú ayé mi!"

Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo rẹ̀ wá sí fáráńdà mi. "Bàbá, ẹ gbà wọ́n. Ó sàn kí wọ́n yè lọ́wọ́ yín ju kí ẹlòmíràn kó wọn lọ."

Ẹ gbà mí o! Ta ló bẹ̀rù ọ̀pẹ? Mo gbé ọkọ́, mo lọ sí apá ilẹ̀ náà tó ṣì jẹ́ igbó. Ihò kẹta ni mo gbẹ́ tí ẹ̀yìn mi fi ní ó tó. Kí n tó dé ilé, ewúrẹ́ ìyàwó mi ti jẹ márùn-ún. Mo ránṣẹ́ sí Victor ọmọ mi l'Ékòó. Ó dé ní Sátidé, ó wo igbó, ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Dádì, ta ló máa wá roko yìí?" Ó ku díẹ̀ kí n fọ́ ọ létí, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a bá Ìbídùn ní fáráńdà, ó ń bu omi wọ́n àwọn ọ̀pẹ tó kù. Ó mà ti kó wọn fún mi tán! Ojú tì mí gan-an. Ta ló ń tọ́jú ilẹ̀ yẹn láti ọjọ́ yìí wá? Èmi kàn ń jẹ iṣu ni.

Mo gé pẹ̀rẹ̀gún tí a fi ń pààlà ilẹ̀, mo pe Victor àti Lawrence, alàgbà ìjọ wa, kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Gbogbo wa kó ọ̀pẹ, ó di oko. Mo ri pẹ̀rẹ̀gún náà mọ́lẹ̀ gba àárín ilẹ̀ kọjá.

"Ìbídùn, láti ibí títí dé odò, tìẹ ni, tọmọtọmọ. Victor gbọ́, alàgbà gbọ́. Gbin ohun tó bá wù ọ́."

Obìnrin yìí jókòó sórí ebè, ó bú sẹ́kún. "Bàbá, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì gbin ohun tó máa pẹ́ jù mí lọ rí."

Mo ní kó dìde jàre, òjò ti ń ṣú, ọ̀pẹ márùndínlógójì kò lè gbin ara wọn.