Uncle Nath àti Ọmọ Tó Ń Yí Igun bíi Bọ́ọ̀sì Iléèwé

Lọ́jọ́ Sunday, tí pásítọ̀ bá ní kí gbogbo ìjọ bọ ara wọn lọ́wọ́, Uncle Nath kì í wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Apá rẹ̀ ló ń wò. Bí apá náà bá gùn, inú rẹ̀ á dùn. Bí kò bá gùn, á bọ onítọ̀hún lọ́wọ́ nítorí Jésù.

Nathaniel Oyèkànmí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Lilburn ní Amẹ́ríkà ló ń gbé, ọsibítù ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n máa ń pè tí aláìsàn ò bá lè mí dáadáa, kó wá fi ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́. Kò gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí láyé rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó rò pé ìjà ni wọ́n ń jà, pé bọ́ọ̀lù kàn já bọ́ sáàárín wọn ni. Ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló là á lóye. Ó ní ọ̀kan nínú wọn wà tí wọ́n ń pè ní quarterback, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù. Àwọn òmìrán kan á sì dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun ìlà àwọn alátakò, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó sáré gba etí ògiri yẹn kọjá, kó gbé quarterback ṣánlẹ̀. Defensive end ni wọ́n ń pè é, apá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gùn.

Uncle Nath ní, "Ìyẹn nìkan? Iṣẹ́ nìyẹn?"

Láti ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ defensive end ti wọ̀ ọ́ lára tí kò jáde mọ́. Tó bá jókòó sídìí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ wọn ni. Tó bá wa ọkọ̀ lọ sí Pleasant Hill Road lọ ra ẹja, ọ̀rọ̀ wọn ni. Ìyàwó rẹ̀, Aunty Péjú, gbàdúrà fún un títí, ìfẹ́ náà ò lọ. Dárasími, ọmọ wọn obìnrin, ló wá gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ máa sọ ọ́ lórí YouTube, kí mọ́mì òun lè sinmi.

Bí ètò Uncle Nath ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lédè Yorùbá pọ́ńbélé. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó máa ń pàdé láti yan àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n fẹ́. Draft ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ mẹ́ta ló sì máa ń gbà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, Uncle Nath á ti wọ gáréèjì rẹ̀, á máa wo fídíò àwọn defensive end, á máa dájọ́.

"Ẹ wo èyí. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù báyìí, ó ti ta kúrò nílẹ̀ bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ bù jẹ. Ó dáa. Ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ ò sí. Ó kàn ń fọwọ́ ra ará ọ̀hún léjìká bí ẹni tó ń kí àna."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó wá kan ọmọ kan tí wọ́n kọ Oyèwùmí sẹ́yìn aṣọ rẹ̀, tó ń gbá fún yunifásítì kékeré kan. Inú Uncle Nath kọ́kọ́ dùn pé ọmọ wa ni. Inú dídùn náà ò pẹ́.

"Ó lágbára, mi ò jiyàn," ló sọ sínú kámẹ́rà. "Ṣùgbọ́n igun! Tí defensive end bá ń yí igun, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, bí ẹni tó ń fi ọ̀kadà ya kọ́nà. Èyí dúró ṣánṣán. Bọ́ọ̀sì iléèwé ni! Ó kù kó tan iná pupa, kó na pátákó 'STOP' jáde kí ọkọ̀ yòókù lè dúró. Ẹ sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe rí tín-ín-rín. Ìyá ọmọ yìí, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ ò gbìyànjú. Ẹ máa fọ́mọ lóúnjẹ!"

Ibi tí ìyá ọmọ náà wà ni ìjọ Uncle Nath gan-an. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Duluth, nítòsí Lilburn, láti Maryland ni, Aunty Fẹ́yì ni gbogbo èèyàn sì ń pè é, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ìjọ pé Oyèwùmí ni. Haneef, tó ń bá a tún mọ́tò ṣe ní Clarkston, tó sì mọ ọmọ rẹ̀, ló fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i. Haneef ò ní ohun búburú lọ́kàn. Ó rò pé inú ìyá á dùn pé wọ́n dárúkọ ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, bí ìsìn ṣe parí, obìnrin náà dúró ti ọkọ̀ Uncle Nath ní páàkì.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ̀yin ni Uncle Nath?"

Uncle Nath rò pé ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ òun ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Àwa náà ni o. Ṣé ẹ máa ń wò wá?"

"Mo wò yín dáadáa. Èmi ni Fẹ́yìsayọ̀ Oyèwùmí."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Uncle Nath, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti lọ.

"Ti bọ́ọ̀sì iléèwé, mo ti fi fún Ọlọ́run," ni Aunty Fẹ́yì wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa igun. Ṣùgbọ́n ti oúnjẹ! Nígbà tí Déolú wà ní high school, tí mo bá kẹ́rù dé ọ̀dọ̀ kaṣíà, wọ́n máa ń bi mí pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wo ni mò ń rajà fún. Èmi lẹ ní mi ò gbìyànjú?"

Aunty Péjú wọnú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, ma," ni Uncle Nath ń wí. "Ètò ni. Ẹnu ló yọ̀."

"Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Déolú wà nílé báyìí. Ní àárọ̀ Sátidé, á máa dánra wò ní pápá tó wà nítòsí yín ní Lilburn. Ẹ wá wò ó lójúkojú. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ sọ fún un níwájú mi."

Ní Sátidé, Uncle Nath dé fìlà, ó gbé fèrè sọ́rùn, ó lọ. Fídíò ò sọ òótọ́ fún un nípa bí ọmọ náà ṣe tóbi tó. Òjìji Déolú ló kọ́kọ́ dé, kí Déolú tó dé.

"Good morning, sir. Ẹ kaaro, sa." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, kí Uncle Nath sì tó sọ pé "dìde, ọmọ mi," ó ti wà lórí ìdúró.

Uncle Nath lanu. "Dúró ná. Dọ̀bálẹ̀ padà."

"Sir?"

"Kí mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Jẹ́ kí n wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó dìde. Uncle Nath yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó ní kó tún kí òun. Ó lọ sẹ́yìn, ó ní kó tún kí òun. Òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró, ó ń wò wọ́n. Ó jọ pé ó rò pé ẹ̀sìn ni.

"Uncle, ìkíni ti tó," ni Aunty Fẹ́yì wí.

"Mummy Déolú, ẹ jẹ́ kó kí mi. Ẹni tó lè tẹ̀ báyìí, tó lè dìde báyìí, kí ló dé tí kò lè yí igun?"

Ó ní kí ọmọ náà sáré yípo. Lọ́tẹ̀ yìí, Uncle Nath ò wo ẹsẹ̀, ó ń wo imú àti àyà rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Tí Déolú bá yí sí apá kan, ó ń mí geere. Tó bá yí sí apá kejì, á di èémí mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì dúró ṣánṣán.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ẹ́?"

"I'm good, sir."

"Mi ò bi ẹ́ pé ṣé ó ń dùn ẹ́. Mo ní, èwo?"

Déolú kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀. "Left big toe, sir. Since September."

"September!" Aunty Fẹ́yì ti wọ pápá. "Déolú! Tí mò ń pè ẹ́ lójoojúmọ́, tó o ń sọ pé 'I'm good, Mummy'? Bọ́ bàtà yẹn!"

"Mummy, if I told you, you would have driven to the stadium."

"Stadium wo? Inú pápá ni mi ò bá wa ọkọ̀ wọ̀!"

Ó jókòó sórí koríko, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ ńlá náà lé itan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtàǹpàkò rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ara ti yá Uncle Nath jù. Ó gbé tìmùtìmù tí wọ́n fi ń dánra wò, ó gbá a mọ́ àyà.

"Ó ku ọwọ́. Ti èyí, jẹ́ kí n mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe rí."

"Sir, I really don't think..."

"Ọwọ́ nìkan. Má gbé ẹsẹ̀."

Déolú tì í pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn fíríìjì. Uncle Nath lọ. Fìlà rẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀, fèrè gba ọ̀nà tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fi ìdí jókòó sínú kúlà omi tí ọmọ náà gbé wá. Yìnyín wọ ibi tí yìnyín ò gbọ́dọ̀ wọ̀.

Láti inú kúlà náà ló ti sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ dáa."

Aunty Fẹ́yì wá dúró lé e lórí. "Ṣé ó jẹun àbí kò jẹun?"

"Ó jẹun, ma. Ẹ ṣeun, ma."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé Déolú lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àtàǹpàkò náà ń san, ṣùgbọ́n kò tíì jinná tán nígbà tí draft dé. Inú ilé Aunty Fẹ́yì ní Duluth ni gbogbo wọ́n ti wò ó. Ọjọ́ kìíní kọjá, wọn ò pe Déolú. Ọjọ́ kejì kọjá. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, Uncle Nath ń bá tẹlifíṣọ̀n jà: "Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù nìkan lẹ mú? Ẹ ní defensive end tó pọ̀ tó ni?" Títí wọ́n fi parí ẹ̀, wọn ò dárúkọ ọmọ náà. Déolú ń wo ilẹ̀. Uncle Nath, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kàn gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Fóònù Déolú dún. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ já a gbà. Ẹgbẹ́ kan ni. Wọ́n ní àwọn ò yàn án lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ kó wá dánra wò lọ́dọ̀ àwọn, bóyá á yege.

"Ẹn-ẹ́n," ni Aunty Fẹ́yì wí lórí fóònù. "Do you know about the toe?"

Gbogbo ilé figbe ta. Déolú fi ìrọ̀rí bo ojú. Ọkùnrin orí fóònù ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní àwọn ti mọ̀, àwọn sì lè dúró dè é.

Déolú lọ, ó yege díẹ̀. Wọ́n fi í sáàárín àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ náà dánra wò lójoojúmọ́ tí wọn kì í wọ pápá lọ́jọ́ ìdíje. Uncle Nath tọrọ àforíjì lórí ètò rẹ̀, ó sì pe Aunty Fẹ́yì wá kó jókòó ti òun. Ìgbà kan ṣoṣo ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n Aunty Fẹ́yì ti ń wo bọ́ọ̀lù láti ìgbà yẹn, ó sì ti ní èrò tirẹ̀.

"Èyí ò dáa," ló sọ nípa ọmọ kan láti Louisiana. "Tó bá ti rí i pé bọ́ọ̀lù lọ sápá kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀lẹ ni."

"Mummy Déolú, ẹ rọra. Ọmọ ọlọ́mọ ni."

"Ọmọ ọlọ́mọ kó sáré!"

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe ètò náà báyìí. Wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń wò wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Aunty Péjú ti ra ohun tí wọ́n fi ń di etí.