Itọ́ Àárọ̀ Atúnagogoṣe

Ìgò itọ́ méjì ni atúnagogoṣe gbé lọ sí ilé ìwòsàn, méjèèjì ni nọ́ọ̀sì sì dá padà sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ pé aago mẹ́fà lẹ tu tàkọ́kọ́, bẹ́ ẹ ṣe jí. Èkejì, mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la ní kẹ́ ẹ fi sáàárín!"

"Mo dúró títí tó fi sú mi!"

Àṣé aago ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló wò fún tàkọ́kọ́, ó wo ti pálọ̀ fún èkejì. Fúnra rẹ̀ ló sún ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn síwájú kó má baà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Bó bá sì ti mọ́ ọn lára, a tún sún un sí i. Òun alára kò mọ iye tó fi ń sáré mọ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún aago ìlú ṣe!" Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Kò bá a rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí iná jó ṣọ́ọ̀bù òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sunkún ọ̀sẹ̀ kan, ó nujú, ó tún ń dápàárá. Òun ni ìbànújẹ́ dè mọ́lẹ̀ bó ti de ìyá wọn. Dókítà ní ara a máa tú èròjà kan jáde nígbà ìdààmú. Ó ń ga láàárọ̀, ó ń lọ sílẹ̀ títí dalẹ́, inú itọ́ ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Ìjánu tó ń dá a dúró kò mú dáadáa lára àwọn kan, ẹlòmíì sì jogún rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí atúnagogoṣe fẹ́ mọ̀, tó sì bi nọ́ọ̀sì, kò ju ọ̀kan lọ: ṣé òun ti gbé e fún ọmọ òun obìnrin, tí ìbànújẹ́ ti mú dùbúlẹ̀ kọjú sógiri láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn?

"Ẹ tún un tu," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àmọ́ bí aago bá tiẹ̀ pé, itọ́ yín ò lè sọ tọmọ. Ohun àjogúnbá kéékèèké tó ń dá sí i pọ̀ lọ bíi rẹrẹ, ojú tí èèyàn ń rí láyé náà sì wà ńbẹ̀."

"Kí wá ni mò ń tutọ́ fún?"

"Ẹ mú ọmọ náà wá ká rí i."

Bó ṣe délé, ó ṣílẹ̀kùn yàrá ọmọ gbàgà.

"Dìde, ó dilé ìwòsàn."

"Ẹ̀ẹ́, Bàbá mi, aago mélòó tiẹ̀ ni?"

Ó wo ti pálọ̀, ó rántí ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó pòṣé.

"Mi ò mọ̀. Wọ bàtà ẹ."